Ṣé Kí Ológbò Wa Máa Gbé Inú Ilé Ni, àbí Kí Ó Máa Jáde?

 

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí àsàlátù ní Mọ́níyà níbí, àwọn ìyá méjì gbé àríyànjiyàn kan wá bá mi. Ìyá àkọ́kọ́ ní òun kì í jẹ́ kí ológbò òun jáde. Inú sítọ́ọ̀ tí òun ń kó gàrí àti èlùbọ́ sí ni òun ń tì í mọ́, òun kì í sì í fún un lóúnjẹ, kí ebi lè máa lé e sídìí eku. Ìyá kejì ní ti òun kì í sùn nílé. Ìta ló ń gbé, ìta ló ti ń jẹun, òun kò sì mọ ohun tó ń jẹ. Ó ní Ọlọ́hun tó dá a ló ń bọ́ ọ. Wọ́n wá ní kí n sọ ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì.

Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó jàre. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà ni. N kò ṣàwàdà. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lóṣù yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ipò tí ẹ̀sìn wa fi ológbò sí. Ìtàn kan wà nínú Muwatta ti Imam Malik, Abu Dawud àti Tirmidhi náà sì gbà á wá. Abu Qatada, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì, wọ ilé ọmọ rẹ̀. Kabsha, ìyàwó ọmọ náà, bu omi àlùwàlá fún un. Ológbò kan wá síbẹ̀ láti mu omi, Abu Qatada sì tẹ igbá omi náà fún un títí ó fi mu ún tán. Ẹnu ya Kabsha, ó ń wò ó. Abu Qatada wá jẹ́ kó yé e pé Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, pé ara àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa ni.

Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n, kì í sì í ṣe ẹni tí a lé jáde. Ara ilé ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ o. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ni kò ba omi àlùwàlá jẹ́. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn onímímọ̀ ló kà wọ́n sí ẹ̀gbin. Aṣọ tàbí ẹní tí ó bá kàn, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi kírun.

Hádíìsì kejì wà nínú Bukhari àti Muslim, púpọ̀ nínú wa ló sì mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé títí ó fi kú. Kò fún un lóúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá kòkòrò àti ẹranko kéékèèké ilẹ̀ jẹ. Ìyá tó ti ológbò mọ́ sítọ́ọ̀ pẹ̀lú ebi, ọ̀rọ̀ yìí ń bá a wí. Kì í tilẹ̀ ṣe pé ebi ń mú kí ológbò pa eku ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀dá rẹ̀ ni kí ó máa dọdẹ, ológbò tó yó ṣì ń lé eku. Ebi kò fi nǹkan kan kún un ju kí ó rù lọ.

Ìyá kejì lè rò pé hádíìsì náà gbe òun, nítorí pé òun ti tú ológbò òun sílẹ̀ kí ó máa wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a ti ronú dáadáa. Ohun tó wà nílẹ̀ fún ológbò láti jẹ nígbà náà, ṣé òun náà ló wà nílẹ̀ ní Mọ́níyà lónìí?

Nígbà tí oko yí Mọ́níyà ká, ológbò tó bá jáde yóò rí aláǹgbá, tata àti eku oko pa. Mọ́níyà ti yí padà. Ní oṣù Okúdù ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà níbí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìjàyè sí Ìṣẹ́yìn ṣe, ó gùn tó kìlómítà 65, ọkọ̀ sì ń sáré lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń pọ̀ sí i, ilé ìkóúnjẹ-sí ń pọ̀ sí i. Ibi tí oúnjẹ bá wà ni eku ń wà, ibi tí eku bá sì wà ni àwa èèyàn ń da oògùn eku sí.

Oògùn yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Irú kan wà tí kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ara rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Eku náà á máa rìn bí ọ̀mùtí, kò ní lè sá. Ta ni yóò rí i pa kíákíá? Ológbò ni. Májèlé inú eku náà yóò sì wọ inú ológbò. Irú mìíràn ni ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń tà kiri. Àwọn kan ń pò ó mọ́ ẹja tàbí ẹ̀wà, wọ́n ń gbé e sí ìdí ògiri. Ológbò kò mọ̀ pé eku ni wọ́n gbé e dè. Láti ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti ń gbógun ti títa dichlorvos nínú ike kéékèèké, nítorí pé ó ń pa èèyàn pàápàá.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé èmi náà jẹ̀bi rẹ̀ rí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, eku dà wá láàmú nínú kíṣíìnì, mo sì ra oògùn, mo dà á sí ẹ̀yìn ilé. N kò ronú nípa ológbò wa rárá. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọlé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, itọ́ ń ṣe yẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àbúrò mi sáré gbé epo pupa, a rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Kò pẹ́ tó fi kú. Lẹ́yìn náà ni dókítà ẹranko kan tó sọ fún mi pé epo náà kò ràn án lọ́wọ́, pé ẹranko tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, epo lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó ní ṣe ni ó yẹ kí a gbé e wá kíákíá, kí a sì mú páálí oògùn náà dání. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo da ti tèmi, ológbò ni ó tọ̀.

Nítorí náà, èrò tèmi nìyí. Ẹni tó tú ológbò rẹ̀ sí ìgboro láìbọ́ ọ lónìí, kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ti ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀. Oúnjẹ tó wà nílẹ̀ fún un, àwa fúnra wa ni a ti fi májèlé sí i. Níwọ̀n ìgbà tí a ti ba ìyẹn jẹ́, oúnjẹ rẹ̀ ti di ọrùn wa.

Yàtọ̀ sí májèlé, ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń pa á lóru. Àwọn èèyàn náà ń pa á. Bí ó bá jẹ́ dúdú, tó sì ké lórí òrùlé lóru, wọn a ní àjẹ́ ni, wọn a sọ ọ́ lókùúta. Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ gba irú èyí gbọ́, kò sì gbọdọ̀ dá sí i. Ẹ̀dá Ọlọ́hun ni, àwọ̀ rẹ̀ kò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ṣé kí a wá tì í mọ́lé tọ̀sán-tòru? Àwọn ìlú kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà, ológbò tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ ọdún 2022, òfin ní kí ó máa gbé inú ọgbà olówó rẹ̀. Ìdí tiwọn ni pé ológbò ń pa ẹyẹ àti ẹranko ìgbẹ́ wọn. Ní Istanbul lórílẹ̀-èdè Tọ́kì, ìlú Mùsùlùmí, ìgboro ni ọ̀pọ̀ ológbò ń gbé. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ló ń gbé oúnjẹ àti omi kalẹ̀ fún wọn. Àwa kò ní irú ọgbà ti àwọn àkọ́kọ́, a kò sì ní irú àṣà ti àwọn èkejì. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé pẹ̀lú ọmọ. Bí a bá ti ológbò mọ́bẹ̀ nígbà ooru, yóò jìyà, orí bẹ́ẹ̀dì àti ẹní ìkírun ni yóò sì máa tọ̀ sí.

Ohun tó bá ilé wa mu ni kí ó máa jáde lọ́sàn-án, kí ó sì máa sùn nílé lóru. Báyìí ni a ṣe lè ṣe é:

Èkíní, ẹ máa fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárọ̀ àti ṣáájú Mọ́gàríbì. Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa pè é wálé. Bó bá ti wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn títí di ẹ̀yìn Àsùbáà. Òru ni eku ń jáde jù, òun sì ni awakọ̀ kì í rí ológbò. Orí ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ àti ìfun adìyẹ tí a sè tó fún un, pẹ̀lú omi tó mọ́. Àmàlà nìkan kò tó o, ẹ má sì fi ọbẹ̀ alálùbọ́sà fún un, àlùbọ́sà ń ṣe ológbò ní jàǹbá.

Èkejì, ẹ wá páànù kan fún ìgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ da yanrìn tàbí ìyẹ̀ pákó sí i. Ẹ máa kó o dànù lójoojúmọ́. Kòkòrò àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní toxoplasma. Ara eku àti ẹran tútù ni ológbò ti ń kó o, ó sì ń yà á jáde. Ìgbẹ́ náà kì í tíì ran èèyàn lójú ẹsẹ̀, ó di ó kéré tán ọjọ́ kan sí márùn-ún. Ìdí nìyí tí kíkó o lójoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì. Bí aláboyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn yìí, ó lè ba oyún jẹ́, tàbí kí ó ṣe àkóbá fún ojú àti ọpọlọ ọmọ. Kí aláboyún má kó ìgbẹ́ ológbò rárá, kí ẹlòmíràn bá a ṣe é. Kò dìgbà tí a bá lé ológbò jáde nítorí oyún. Ẹ sì máa fọ ẹ̀fọ́ inú ọgbà dáadáa, kí àwọn ọmọ máa fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi yanrìn ṣeré.

Ẹ̀kẹta, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà ẹranko bá ṣe là á sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò jìnnà sí wa. Ajá ló sábà ń fi àrùn yìí ran èèyàn, ṣùgbọ́n ológbò tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ lè kó o wálé. Bí ológbò tàbí ajá bá bu ọmọ yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àrùn náà bá ti fara hàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jáwọ́ nínú oògùn eku. Ẹ máa kó gàrí àti ẹ̀wà sínú ike tó ní ìdérí, ẹ dí ihò ògiri, ẹ máa kó ìdọ̀tí dànù, ẹ fi pàkúté dẹ èyí tó bá kù. Ológbò kò rọ́pò ìdérí ìkòkò. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ibà Lassa ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bí èmi bá jáwọ́, aládùúgbò mi ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ẹ bá a sọ ọ́, ẹ gbé e dé ìpàdé àwọn onílé. Títì tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn lóru yóò dín ewu náà kù kí wọ́n tó gbọ́. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Èèyàn kò tíì jẹun yó, ẹ ní kí a máa bọ́ ológbò." N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí a sin ológbò. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a, kí ó fún ẹni tí yóò lè tọ́jú rẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí a gbà á sílé nítorí eku, kí a sì kọ̀ ọ́ nítorí oúnjẹ.

Ìyá tó ni sítọ́ọ̀ ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún tirẹ̀ láàárọ̀ báyìí. Ìyá kejì ní òun ń wá páànù. Kí Ọlọ́hun fún wa ṣe, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ìlera gbogbo wa. Àmín.