Newgrange kì í ṣe iṣẹ́ àwọn Celt o

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń polówó ìrìn àjò ọjọ́ kan láti Dublin, ẹ dákun, ẹ yéé pe Newgrange ní "ibojì àwọn Celt".

2/ Nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú Kristi ni wọ́n kọ́ ọ. Ó dàgbà ju píramíìdì Giza lọ. Ó lé ní 2000 ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ Celt sílẹ̀.

3/ Àwọn àgbẹ̀ tá ò mọ orúkọ wọn ló kọ́ ọ. Tí ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù bá pé ní December, oòrùn àárọ̀ á gba ihò òkè ẹnu ọ̀nà wọlé dé inú yàrá, fún bí ìṣẹ́jú 17. Ẹ gbà pé wọ́n gbọ́n!

4/ Ògiri funfun tẹ́ ẹ fi ń ya fọ́tò ńkọ́? Michael O'Kelly, tó wa ilẹ̀ ibẹ̀ láti 1962 sí 1975, ló pinnu bí wọ́n ṣe tún un tò. Ẹ sọ ìyẹn náà fún àlejò.

5/ Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní 1910, Leo Frobenius dé Ifẹ̀, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, ó ní ti àwọn ará Atlantis ni. Ṣé ó dùn mọ́ wa? Ẹni tó ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kí kú iṣẹ́.