Èéfín Dúdú Ọkọ̀ Akẹ́rù: Owó Wa Ló Ń Gòkè Lọ Yẹn

Ẹni tó bá dúró sí etí omi ní Igbókòdá ní ìdájí, lásìkò tí àwọn ọkọ̀ ojú omi láti Òde Ùgbò àti àwọn ìlú etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ bá ń já ẹja sílẹ̀, yóò rí ohun kan tí ojú wa ti mọ́ lára débi pé a kò kà á sí mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ gbé ẹja lọ sí Òrè tàbí Èkó yóò tẹná, èéfín dúdú yóò sì bo gbogbo àyíká. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹja yóò fi aṣọ bo imú. Awakọ̀ yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní agbára ẹ́ńjìnnì òun ló ń fara hàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èéfín dúdú kì í ṣe àmì agbára. Epo tí a fowó rà, tí kò ráyè jóná tán, ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìbátan mi kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ránṣẹ́ pè mí síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́jọ́ awakọ̀ rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọkùnrin náà ni pé ó ń jí epo tà, nítorí pé owó epo tó ń gbà fún ìrìn-àjò kan ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ gan-an. Awakọ̀ náà, ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ dákun. Ọkọ̀ yìí ló ń mu ún. Mo ti sọ fún yín pé èéfín rẹ̀ ti pọ̀ jù.” Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n lé e, wọ́n gba ẹlòmíràn, owó epo kò sì dínkù. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ pọ́ǹpù díísù dájú. Ohun tó bá níbẹ̀ nìyí: méjì nínú nósù mẹ́fà ń kán epo tọ́tọ́ dípò kí wọ́n máa fọ́n ọn, ẹnìkan ti yí ìdè tó ń díwọ̀n epo lára pọ́ǹpù, asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí, wọ́n sì ti yọ tẹmósítáàtì dà nù. Wọ́n padà lọ bẹ awakọ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rìn yí gbogbo gáréèjì ká láti sọ pé ọkùnrin náà kì í ṣe olè?

Kí á lè mọ ibi tí owó ń bá lọ, ó yẹ kí á mọ bí ẹ́ńjìnnì díísù ṣe ń ṣiṣẹ́. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní ìlú Paris ní 1858, ló gbé e kalẹ̀, ó sì fi èyí tó yanjú han aráyé ní ìlú Augsburg ní 1897. Ohun tó ń wá ni ẹ́ńjìnnì tí kò ní máa fi epo ṣòfò. Ẹ̀rọ onígbòóná-omi ayé ìgbà náà kì í rí ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó wà nínú ohun tó ń jó lò. Ti Diesel rí bíi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ tó kún àyè bíi 16 sí 20 ni písítìnì ń fún mọ́ àyè kan ṣoṣo, títí tí ooru rẹ̀ yóò fi ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nósù yóò wá fọ́n epo sínú ooru yìí, kúnnákúnná bí ìkùukùu, epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: afẹ́fẹ́ tó tó, epo tó kúnná, àti ooru tó yẹ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, epo kò ní jóná tán. Èéfín ló sì máa ń tú àṣírí. Bí ó bá dúdú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá dà bíi búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti wọ ibi tí epo ti ń jó. Bí ó bá funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, epo ń jáde láìjó, tàbí kí omi rédíétọ̀ ti wọlé. Àwọn àgbà wa sọ pé èéfín nìwà. Ti ẹ́ńjìnnì náà kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá àwọn ọlọ́kọ̀ wa jà nìyí. Nígbà tí ọkọ̀ kò bá lágbára mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí a ń béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì ni pé kí ó “fi agbára kún un.” Yóò yí ìdè pọ́ǹpù kí epo tó ń wọlé lè pọ̀ sí i. Lóòótọ́, ọkọ̀ náà yóò gun òkè dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí epo bá pọ̀ sí i tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀ sí i, àṣẹ́kù epo náà yóò di èédú, yóò gba ẹnu ẹ̀sọ́ọ̀sì jáde, ooru àpọ̀jù yóò sì máa jẹ písítìnì díẹ̀díẹ̀. Owó epo àti owó ẹ́ńjìnnì tuntun ni onítọ̀hún fi ra ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí òkè.

Èkejì ni ti tẹmósítáàtì. Ó ti di àṣà ní ilẹ̀ wa pé bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná jù, mẹkáníìkì yóò yọ ọ́, yóò ní ìlú òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ, kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù, epo kò ní jóná dáadáa, ọ́ìlì yóò ki, irin yóò sì máa jẹra wọn. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, rédíétọ̀ tó dí, fáànù tí kò yí tàbí pọ́ǹpù omi tó ti kú ni kí a wá.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ohun èlò kéékèèké tí wọ́n ń polówó pé ó ń dín epo kù: òògùn inú táǹkì, mágínẹ́ẹ̀tì orí páìpù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ EPA tó ń mójú tó àyíká ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó lé ní 100 wò. Kò rí èyí tó dín epo kù lọ́nà tó gúnmọ́.

N kò sọ pé kò sí àtúnṣe tó dára o. Tọ́bò tí a so mọ́ ẹ́ńjìnnì tó bá a mu, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì tún epo rẹ̀ díwọ̀n, máa ń mú kí epo jóná dáadáa nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń fi kún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ tún èyí tó bàjẹ́ ṣe kí a tó fi tuntun kún un. Ọmọ odò ni wá ní Ùgbò. Ta ni nínú wa tí yóò lọ ra ẹ́ńjìnnì ńlá nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kò sáré mọ́, nígbà tí ìdí ọkọ̀ náà kún fún ìkarahun àti ewé omi? Yóò fà á wá sórí ilẹ̀, yóò ha ìdí rẹ̀ mọ́ ni. Kí ló dé tí ọgbọ́n yìí fi ń pòórá bí a bá ti bọ́ sórí ọ̀dà?

Ìtọ́jú tí mò ń wí kò le. Kí a máa wo asẹ́ afẹ́fẹ́ lemọ́lemọ́, pàápàá fún ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà eléruku. Kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti asẹ́ epo lásìkò. Kí a gbé nósù lọ síbi tí wọ́n ti ń dán an wò lórí ẹ̀rọ, kí a má fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ táyà pé. Kí bíréèkì má máa di kẹ̀kẹ́ mú. Kí a dín eré kù, nítorí bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá ọkọ̀ dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Kí a sì máa pa ẹ́ńjìnnì bí a bá ń dúró de ẹrù. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó dúró lójú kan lè mu tó lítà mẹ́ta ní wákàtí kan láìrìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.

Ti àwa ará etí òkun tún ní ọ̀tọ̀. Nínú dúrọ́ọ̀mù ni epo ti ń gba orí omi dé ọ̀dọ̀ wa, ìrì sì máa ń di omi nínú dúrọ́ọ̀mù tí kò kún. Omi yìí ń jẹ pọ́ǹpù àti nósù. Kí a jẹ́ kí epo silẹ̀ dáadáa kí a tó fà á, kí a sì máa tú omi ìsàlẹ̀ asẹ́ epo dà nù. Kí a sì sá fún epo tí wọ́n fọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nínú igbó Niger Delta. Owó rẹ̀ lè rọjú lónìí. Nósù ni yóò san ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà díísù kan kò tó 300 náírà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá 800. Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí ilé ìfọpo Dangote kéde 1,000 náírà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yọ̀ pé ó ti wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 1,000 yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọkọ̀ kan bá ń jó 160 lítà ní àlọ àti àbọ̀, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá sì ń ṣòfò, 16,000 náírà ló bá èéfín lọ. Bí ó bá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún àádọ́ta ọ̀sẹ̀, ó di 1,600,000 náírà. Ta ló ń san án? Ìyá tó yan ẹja ní Òde Ùgbò, nítorí owó ọkọ̀ ni wọ́n fi ń yọ nínú owó ẹja rẹ̀, àti ẹni tó rà á jẹ l'Ékòó. Ẹ̀dọ̀fóró wa náà ń san tirẹ̀: ní 2012, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín díísù wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ẹ ra ìwé kan sínú rẹ̀. Ẹ kún táǹkì dé ẹnu, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra epo, ẹ kún un dé ẹnu, ẹ kọ iye lítà tó gbà àti iye kìlómítà tí ẹ ti rìn. Ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin kí ẹ sì fi wọ́n wéra. Bí òǹkà bá yí padà, ẹ kọ́kọ́ wo èéfín, nósù àti asẹ́ kí ẹ tó na ìka sí ènìyàn. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì pẹ̀lú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọṣẹ́ gba òmìnira láìmọ ìdí tí tẹmósítáàtì fi wà. Ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ ìbá ti gba awakọ̀ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú níí ni ni lára. Ẹ́ńjìnnì náà mọ òwe yìí, bí àwa tí a ni ín tilẹ̀ ti gbàgbé.