Ẹ̀dínwó Òní Tàbí Owó Àdápadà Ọ̀la

Ní ọjà ilé, ẹni tí ó bá ra nǹkan ní ọ̀wọ́n ti rà á nìyẹn. Bí ó bá délé tí ó gbọ́ pé aládùúgbò rẹ̀ ra irú rẹ̀ ní ẹ̀dín, àfi kí ó mí kanlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí ó ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba lára owó rẹ̀ padà bí iye ọjà náà bá wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ó ti rà á, bí ó bá mọ ibi tí a ti ń béèrè. Àwọn ilé ìtajà pẹ̀lú ní káàdì tiwọn, èyí tí ń mú ẹ̀dínwó wá lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó wà lọ́hùn-ún ni ó ń ṣírò èwo ni ó lérè jù nínú méjèèjì, ìṣirò náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bí ẹnì kan bá ra kọ̀ǹpútà dọ́là 400 ní Target, tí ó sì fi káàdì Target san owó rẹ̀, ìdá 5 nínú 100 yóò kúrò níbẹ̀ kíákíá. Dọ́là 20 nìyẹn, láìkọ lẹ́tà, láìbẹ ẹnikẹ́ni. Láyé ìgbà tí báńkì Citi ṣì ní ètò Price Rewind, ẹni tí ó fi káàdì wọn san owó náà, tí ó sì fi orúkọ ọjà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ní 60 ọjọ́ tí wọn yóò fi máa ṣọ́ iye rẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ dé dọ́là 340, dọ́là 60 ni yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀dínwó náà ni. Ṣùgbọ́n bí iye kò bá wálẹ̀, òfo ni. Báńkì kò sì ní dá owó padà lórí ọjà tí a kò fi káàdì rẹ̀ rà, nítorí náà ẹni tí ó mú ẹ̀dínwó ilé ìtajà ti fi ti báńkì sílẹ̀.

Ètò báńkì yìí kò pẹ́ lọ títí. Discover fi òpin sí tirẹ̀ ní 2018, ó ní àwọn tí ń lò ó kò pọ̀. Chase mú un kúrò lára ọ̀pọ̀ káàdì rẹ̀ ní ọdún kan náà, Citi sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù September 2019. (Àwọn kan ti ń lo ẹ̀rọ tí ń bá wọn ka rìsíìtì, tí ó sì ń bá wọn béèrè owó nígbà náà, ó jọ pé ìlérí dùn mọ́ báńkì nínú níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ń gbàgbé rẹ̀.) Ìwọ̀nba káàdì díẹ̀ ni ó kù tí ó ṣì ní irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ àwọn ilé ìtajà fúnra wọn ni ààbò náà wà jù báyìí. Costco máa ń dá ìyàtọ̀ owó padà fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín 30 ọjọ́. Target ń ṣe é láàárín 14 ọjọ́ bí òun fúnra rẹ̀ bá dín iye ọjà kù. Títí di oṣù July 2025, ó tún máa ń bá iye Amazon àti Walmart dọ́gba, ṣùgbọ́n ó ti fi ìyẹn sílẹ̀. Amazon ní tirẹ̀ kì í dá ìyàtọ̀ padà. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ètò Target kò so mọ́ irú káàdì kan. Ẹni tí ó ti gba ẹ̀dínwó ìdá 5 lè padà wá béèrè ìyàtọ̀ bí iye bá wálẹ̀. Iyàn tí àwọn ènìyàn ń jà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀.

Èyí tí kò tán ni ọ̀rọ̀ èlé. Káàdì àwìn àwọn ilé ìtajà sábà máa ń gba èlé tí ó ju ìdá 30 nínú 100 lọ lọ́dún. Bí gbèsè kọ̀ǹpútà yẹn bá dúró fún oṣù méjì péré, èlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ dọ́là 20 náà tán, kí a tó sọ ti owó ìtanràn ẹni tí ó san owó pẹ́. Ẹlòmíràn yóò ní òun kò ní jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Àjọ àwọn onímọ̀ òfin Islam lágbàáyé gbé èyí yẹ̀ wò ní Riyadh ní ọdún 2000, wọ́n sì pinnu pé gbígba káàdì tí àdéhùn èlé wà nínú rẹ̀ kò tọ́, kódà bí ẹni tí ó gbà á bá ní i lọ́kàn láti san owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Àdéhùn náà gan-an ni wọ́n wò, kì í ṣe ìgbà tí èlé bá gorí gbèsè nìkan.

Àwọn kan á ní ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà kò lè rọrùn gba ilé bí kò bá ní àkọsílẹ̀ gbèsè tí ó ti san. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, ó sì yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé ọ̀ràn rẹ̀ lọ bá onímọ̀ tí ó mọ ìlú náà. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ilé gbígbé ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bo ẹ̀dínwó kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Target fúnra rẹ̀ ní irú káàdì mìíràn tí kì í yá ènìyàn lówó, tí ń yọ owó tààrà láti inú àkáǹtì ẹni ní báńkì. Ìdá 5 kan náà ni ó ń mú wá. Ẹni tí ó bá ní in, kí ó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, kí ó sì tún wo iye ọjà náà kí ọjọ́ 14 tó pé.