Ọwọ́ Ìyá Lórí Ikùn Ọmọbìnrin Rẹ̀

Ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ tọ̀ mí wá pé kí n gbàdúrà fún un, pé ayé ń fi inú rírun dá a lóró. Mo gbàdúrà. Lẹ́yìn àmín, mo béèrè ìgbà tí ó máa ń ṣe é. Ọmọ náà tẹ orí ba, ó ní, "Oṣooṣù ni, sà."

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: èyí kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Bí nǹkan oṣù bá dé, ara obìnrin a máa tú èròjà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní prostaglandin, tí ó ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Bí èròjà náà bá pọ̀ jù, ìfúnpọ̀ á le, ìrora á sì mú ikùn, ẹ̀yìn àti itan.

Ìyá, ọwọ́ rẹ lè ràn án lọ́wọ́. Jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀, kí ó ká ẹsẹ̀ kò díẹ̀. Fi òrí díẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí o sì máa fi ra abẹ́ ìdodo rẹ̀ yíká, jẹ́jẹ́, fún bí ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, bá a wọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Omi gbígbóná nínú ìgò tí a fi aṣọ wé tún máa ń tu ara. Ṣùgbọ́n má ṣe fi agbára tẹ ikùn. Bí ó bá ṣeé ṣe kí oyún wà, má ṣe wọ́ ọ rárá.

Ọwọ́ sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìrora bá ń le sí i, bí ó bá ń wá nígbà tí kò sí nǹkan oṣù, bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń pààrọ̀ aṣọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tàbí bí ibà bá bá a wá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ fáíbírọ́ọ̀dù, tàbí àìsàn tí ẹran bí ti inú ilé ọmọ fi ń hù sí ìta rẹ̀, èyí tí ó lè mú kí ọmọ bíbí ṣòro lọ́la. Ọ̀pọ̀ kì í tètè mọ̀, nítorí pé ilé ti sọ fún wọn pé, "Fara dà á, bí obìnrin ṣe rí nìyẹn."

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ẹ dìde, kí ẹ bá wọn gbé omi kaná.