KÍ OWÓ ỌJÀ MÁ BAÀ PARÍ SÍ ỌSIBÍTÙ

 

Láìpẹ́ yìí, a lọ kí ọ̀kan nínú àwa tó ń ta tòmátì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e ṣubú nídìí àtẹ. Ó ní oògùn tó yẹ kóun máa lò lójoojúmọ́, ńṣe lòun ń fo ọjọ́ méjì kóun tó tún lo òmíràn, kó lè pẹ́. Aláìgbọ́n kọ́ o. Owó ló ń ṣọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó. Owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni wọ́n kó sílẹ̀. Ara ẹ̀ ti ń yá, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àtẹ ẹ̀ ṣófo.

Àwọn kan ní oníkẹ́míìsì ló ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù. Oníṣòwò làwa náà, bí a bá ṣe rà á la ṣe ń tà á. Oògùn tó pọ̀ jù tí à ń lò, Íńdíà àti Ṣáínà ló ti ń wá. Èyí tí wọ́n ń ṣe nílé níbí náà, òkè òkun ni wọ́n ti ń ra ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, dọ́là sì ni wọ́n ń ná. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí N460 ní báńkì ti kọjá N1,400 ní oṣù kejì ọdún 2024. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GSK, tó ń kó Ventolin àti Augmentin wá, kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ kì í lè mí délẹ̀ mọ ohun tójú òun rí. Àwọn dókítà náà ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìlà ọsibítù ìjọba wá ń gùn sí i.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí wọ́n yọ owó kọ́sítọ́ọ̀mù kúrò lórí ohun tí wọ́n fi ń ṣe oògùn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n owó oògùn kò padà síbi tó wà.

Èrò tiwa rèé. Ní àjọ̀dún tó kọjá, gbogbo wa la rí owó aṣọ ẹgbẹ́ san. Nígbà tí ìyá yìí ṣubú, igbá la gbé káàkiri ìsọ̀ bí ẹni ń ṣagbe. Ojú tì wá o. Òfin ọdún 2022 ní dandan ni kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọ ètò adójútòfò ìlera, ìpínlẹ̀ wa náà sì ní ọ́fíìsì tó wà fún un. Ẹ rò ó bí èésú: gbogbo wa la jọ ń dá a, ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń kó o.

Àwọn kan á ní ìjọba á kó o jẹ, tàbí pé wọ́n á ní oògùn ti tán. A ò lè ní irọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká jọ wọ̀ ọ́ pa pọ̀. Bí ẹnì kan bá pariwo, wọ́n á lé e jáde. Bí odindi ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n á dáhùn. Ká sì béèrè àìsàn tó wà ńbẹ̀ àti èyí tí kò sí ńbẹ̀ ká tó sanwó.

A rọ ẹgbẹ́ pé ká fi aṣọ ọdún yìí sílẹ̀, ká fowó ẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Àìsàn kì í dúró de ọjọ́ tí ọjà bá tà. Ẹ gbé e wá sípàdé, ká jọ sọ ọ́.

Ọjà á tà o.