Epo Ta Ló Wà Lórí Yín?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti London lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Àǹtí, irun mi ti bàjẹ́." Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní bí òun bá fọ̀ ọ́ ní Sátidé, kó tó di Ọjọ́ Ajé, á ti máa lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n bu epo lé e. Bí òun bá sì fi ìyàrun sí i, nǹkan funfun bí ọ̀rá ẹran tó ti dì ló ń bá eyín ìyàrun jáde.

Ọdún méjì ló fi kàwé ní Glasgow tí irun ò yọ ọ́ lẹ́nu. Kò tíì pé oṣù méjì tó kó lọ sí London nítorí iṣẹ́ tí ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí ìyá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí i ló ń fi fọ orí níbi méjèèjì. Ó ti wá dá a lójú pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ìyá òun lọ́tẹ̀ yìí. Ó sì ti ra ìpara mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ní ó ń lé ọ̀rá kúrò lórí irun.

Mo bi í pé, "Inú kẹ́tùlù rẹ ńkọ́?" Ó rò pé mi ò gbọ́ ohun tí òun ń sọ ni. Mo ní kó ṣáà ṣí i wò.

"Ó funfun, Àǹtí. Ó dà bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn ún."

Ẹfun náà ni. Ilẹ̀ tó jẹ́ òkúta ẹfun ni púpọ̀ nínú omi London ń gbà kọjá kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, ó sì ń yọ́ lára òkúta náà mu bó ṣe ń lọ. Glasgow ò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1859 ni wọ́n ti ń fa omi ìlú náà wá láti adágún Loch Katrine, níbi tí òjò ti ń rọ̀ sórí òkúta líle tí kì í yọ́. Bí ọṣẹ gidi, èyí tí wọ́n fi eérú àti epo sè, bá pàdé omi ẹlẹ́fun, kì í hó dáadáa. Àwọn méjèèjì á wọnú ara wọn, wọ́n á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan tí omi ò lè ṣàn dànù. Òun ló ń lẹ̀ mọ́ irun. Ó jọ epo lójú, ó jọ epo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ti inú orí ẹnikẹ́ni jáde. Ọṣẹ ìyá rẹ̀ ò jẹ̀bi nǹkan kan.

Ohun tó mú mi sọ ìtàn yìí ni pé púpọ̀ nínú wa tí irun wa bá ṣàdédé ń kún fún epo, ọjà la kọ́kọ́ ń gbà lọ. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ jókòó kí ẹ bi ara yín pé: kí ló yí padà láàárín oṣù méjì sí i? Ṣé ẹ kó ilé ni? Ṣé wọ́n gbẹ́ kànga tuntun? Ṣé oògùn kan wà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ṣé wíìgì tuntun ni, àbí ìpara tí ọ̀rẹ́ yín ní ó ń mú irun gùn?

Ẹ ò sì nílò láti dé London kí ẹ tó rí omi bẹ́ẹ̀. Irú òkúta yẹn ni wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Káàkiri ìlú wa báyìí, olúkúlùkù ló ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, omi ojúlé kan sì lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ bu omi yín dé ìdajì nínú ike tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ ha ọṣẹ lásán bíntín sí i, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa. Bí ìfófó bá kún òkè rẹ̀, tí omi ìsàlẹ̀ sì mọ́, omi yín rọ̀. Bí ó bá dàrú bí omi ògì, tí ìfófó rẹ̀ ò sì tó nǹkan, ọwọ́ yín ti ba olè. Ẹ fi omi òjò ṣe é pẹ̀lú, kí ẹ lè rí ìyàtọ̀. Àwọn ìyá wa tó ń gbé agbada sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ fọ orí, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Bí omi ló bá jẹ̀bi, ẹ fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀ fún ara, kí ẹ máa fi ṣámpù fọ orí, torí wọn ò sè é bí ọṣẹ, kì í sì í bá ẹfun di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ lè fi omi òjò ṣan irun kẹ́yìn. Fínígà náà ń ṣiṣẹ́: ṣíbí ìjẹun kan nínú lítà omi kan, ẹ dà á sí irun, kí ẹ sì fi omi ṣàn án kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí agbárí kí ẹ wá jáde sínú oòrùn. Omi ọsàn àti oòrùn lè jó awọ ara débi tí yóò lé roro.

Ṣùgbọ́n nílé wa níbí, ọwọ́ wa gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Mo lọ ṣe kọ̀lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì ń ráhùn fún onídìrí mi pé orí mi ń sun epo. Kò dá mi lóhùn. Ó fi ìdí ìyàrun fa ojú ìpín irun kan láti iwájú dé ìpàkọ́, ó wá nà án sí mi: ìpara aláwọ̀ ewé, èépá funfun àti eruku, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ wò ó, Àǹtí. Òrí ni, kì í ṣe orí."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí. Gbogbo alẹ́ ni mò ń pa òrí, tí mo tún ń fi àdí àgbọn lé e, torí wọ́n ní irun dúdú kì í yó.

Ó yẹ kí n ti fúnra mi mọ̀. Àpò kékeré kan wà ní ìdí irun tó ń sun ọ̀rá, ọ̀rá yẹn ló sì ń gun irun lọ. Lára irun tó gùn gbọọrọ bíi ti òyìnbó, ó ń sáré dé ṣóńṣó. Lára irun wa tó ká bíi sípíríǹgì, ó máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, bí ṣóńṣó irun tí wọn ò fi rílásà sí bá ń dán fún epo lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fọ̀ ọ́, ó ṣòro kó jẹ́ iṣẹ́ orí. Ẹ tún wo iwájú orí yín: bí irorẹ́ wẹ́wẹ́ bá tò sí ẹsẹ̀ irun, ìpara ti ń dí ojú awọ ara yín nìyẹn. Ẹ gbìyànjú ọ̀sẹ̀ méjì láìfi nǹkan kan kan agbárí. Ṣóńṣó irun nìkan ni kí ẹ fi díẹ̀ pa. Ẹ fọ fìlà inú wíìgì, àwọ̀n irun àti aṣọ ìrọ̀rí, torí epo tí ẹ fọ̀ dànù láàárọ̀, ibẹ̀ ni ẹ ti ń gbé e wọlé lálẹ́.

Àwọn kan á ní bí a bá ń fọ orí jù, á túbọ̀ máa sun ọ̀rá láti fi dí èyí tó lọ. Àpò ọ̀rá ò mọ̀ pé ẹ fọ orí. Họ́mónù ló ń pàṣẹ fún un. Ìdí nìyẹn tí orí ọmọ tó ń bàlágà fi ń dán, tí ti obìnrin fi lè yí padà nígbà tó bá lóyún tàbí tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tuntun. Bí ọ̀rá orí bá pọ̀ sí i lóòótọ́, tí nǹkan oṣù ń ṣe ségesège, tí irùngbọ̀n sì ń hù sí obìnrin lágbọ̀n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara mọ́, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Bí ó bá sì jẹ́ bàbá àgbàlagbà ni ojú àti orí rẹ̀ ń yọ epo, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ìrìn rẹ̀ sì ń falẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí àrùn Parkinson lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí orí bá ń yún, tí èépá ọlọ́ràá ń ṣí, Malassezia ló sábà máa ń lọ́wọ́ sí i, ìbátan ìwúkàrà kan tó ń gbé lórí gbogbo wa tó sì ń jẹ ọ̀rá. Ẹ béèrè ṣámpù ketoconazole 2% lọ́wọ́ apòògùn. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ẹ tó ṣàn án, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Èyí tí ò bá gbọ́ oògùn yẹn, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra ṣámpù olówó pọ́ọ́kú kan. Lọ́sẹ̀ kejì ó pè mí padà pé irun òun ti fúyẹ́. Mo bi í nípa àwọn ìpara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní òun ti fún ọ̀rẹ́ òun kan ní méjì, irun tiẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Mo ní kó pe ọ̀rẹ́ náà padà, kó bi í bí inú kẹ́tùlù rẹ̀ ṣe rí.