New Orleans: Ọbẹ̀ Ilá ní Òdìkejì Òkun

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má rè é lé. Àwa tọkọtaya ti re àjò, a sì ti padà dé ní àlàáfíà. Ohun tí a rí, tí a sì jẹ, ni a fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìlú New Orleans ni a lọ, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wa bá oúnjẹ lọ, èkejì bá ìtàn lọ. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé ojú ọ̀nà kan náà ni àwa méjèèjì wà.

Ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu lọ kò ní ṣe àjèjì púpọ̀ ní àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Vieux Carré. Rue Royale, Rue Dauphine, Rue Bourbon: orúkọ Faransé ló wà lára ògiri òpópónà. Àwọn ará Faransé ló tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1718. Ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì, ó tún padà sọ́wọ́ Faransé, kí Faransé tó wá tà á fún Amẹ́ríkà ní ọdún 1803. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó sí Café du Monde, tó ti wà láti ọdún 1862. Beignet ni wọ́n ń tà níbẹ̀, pẹ̀lú kọfí tí wọ́n lú mọ́ gbòǹgbò chicorée. Wọ́n da ṣúgà lílọ̀ bo beignet náà bí ẹni da eérú. Ẹni tó bá mí sókè nígbà tó ń jẹ ẹ́, aṣọ rẹ̀ á di funfun. Ọ̀kan nínú wa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tìtìjú-tìtìjú.

Ní ọjọ́ Ajé, ìrẹsì àti ẹ̀wà pupa ni oúnjẹ ìlú náà. Ọjọ́ aṣọ fífọ̀ ni ọjọ́ Ajé láyé àtijọ́. Ìyàwó ilé a gbé ẹ̀wà kaná, a máa fọṣọ, ẹ̀wà a sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. A tọ́ ọ wò, a wo ojú ara wa, a rẹ́rìn-ín: ìbátan atassi wa ni! Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé gumbo wá. Ìyẹ̀fun tí wọ́n yan nínú òróró títí ó fi pọ́n ni ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ náà. Edé àti akàn wà nínú rẹ̀, ilá sì fà á. Láti inú èdè àwọn ènìyàn àárín gbùngbùn Áfíríkà ni orúkọ gumbo ti wá, ilá gan-an ni ó sì túmọ̀ sí.

Ta ló gbé ilá débẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn bí ọbẹ̀. Ní ọdún 1719, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìlú dó, ọkọ̀ òkun tí à ń pè ní Aurore kó ẹrú láti Ouidah lọ sí Louisiana. Ouidah tiwa yìí, tí a máa ń gba ibẹ̀ kọjá bí a bá ń lọ sí Lomé! Ní àdúgbò Tremé, a dúró sí Congo Square, níbi tí àwọn ẹrú ti máa ń péjọ ní ọjọ́ Àìkú láti tajà, láti lùlù, láti jó. Igi ńlá ló ṣíji bo ibẹ̀ báyìí. A kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

A tún rí àwọn ilé tóóró tí wọ́n ń pè ní shotgun, tí yàrá tẹ̀lé yàrá láìsí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Onímọ̀ kan, John Michael Vlach, tọ orísun irú ilé yìí gba Haiti lọ dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ Àìkú, a bá ìtọ́wọ̀ọ́rìn onífèrè pàdé, àwọn ènìyàn ń jó pẹ̀lú agboòrùn àti áńkáṣíìfù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí nígbà òkú pẹ̀lú: orin arò ni wọ́n fi ń sin òkú lọ sí itẹ́, ijó ni wọ́n fi ń padà bọ̀. Ẹni tó ti bá wọn ṣe òkú àgbà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò nílò ògbufọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan gbé wa lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kan tó jókòó nítòsí wa níbi oúnjẹ gbọ́ pé Benin ni a ti wá. Ó ní Faransé Créole ni ìyá-ìyá òun ń sọ, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ju orúkọ oúnjẹ lọ. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 1921 sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè kan ṣoṣo ní ilé-ìwé, wọ́n sì ń jẹ àwọn ọmọ tó bá sọ èdè ilé wọn níyà. Ìyá náà wá bi wá léèrè pé, “Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ yín ń sọ èdè yín?”

Ẹnu wa wúwo. Àwa tí wọ́n fi “signal” kọ́ lọ́rùn ní ilé-ìwé nítorí pé a sọ Yorùbá, àwa kan náà la ń fi Faransé pe àwọn ọmọ wa wá jẹun. Ipá ni wọ́n fi gba èdè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì di ilá àti ìlù mú. Kò sẹ́ni tó ń gba tiwa lọ́wọ́ wa lónìí. Àwa la ń gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá jẹun lálẹ́ òní, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín àgbà ohun tí wọ́n ń pe gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò náà. Àwa pẹ̀lú ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé wa. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, àbíkẹ́yìn wa na àwo rẹ̀ sí wa, ó ní, “Ẹ bù sí i fún mi.”